Kí ló gba àwọn ọmọ ìta sílẹ̀ ládùúgbò yín?

Ìyá Ìbejì, Agége
Tèmi rèé o. Oṣù kẹrin 2020 ni, nígbà tí Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé. Òkìkí kàn pé àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta Awawa àti One Million Boys ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó rí oorun sùn. Àwọn ọkùnrin ń dáná sun táyà ní oríta, tàdá tigi lọ́wọ́ wọn. Ọmọ odó ìyá mi ni ọkọ mi gbé jáde (mi ò tíì rí ọmọ odó náà títí dòní). Lóru ọjọ́ kẹta, ariwo ta pé ọwọ́ ti ba ọ̀kan. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú: ọmọ alákàrà iwájú ilé wa! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Bàbá Láńlọ́ọ̀dù tó fàáké kọ́rí pé wọn ò ní sun ọmọ ọlọ́mọ lójú òun, ni wọ́n bá fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa padà dé, ó ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú àtìmọ́lé ló ti lọ rí àwọn ọ̀gá.

Àdìó Wẹ́dà, Oṣòdì
Ẹ kú ewu, mà. Abẹ́ bíríìjì Oṣòdì ni mo gbé dàgbà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fi ọkọ̀ kó wa, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni mo padà, torí ibẹ̀ ni mò ń sùn. Ọ̀gá wẹ́dà kan ní Múṣin ló ní kí n máa sùn sí ṣọ́ọ̀bù òun. Iṣẹ́ dáa lóòótọ́, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ tó kó lé mi lọ́wọ́ yẹn ni mo fi dèèyàn. Nígbà tí Tunde Onakoya, olùkọ́ chess, ń kọ́ àwọn ọmọ Oṣòdì ní eré orí pátákó náà, mo bú sẹ́rìn-ín: ṣé chess ni wọ́n máa jẹ? Àfi bí mo ṣe rí ọmọ kan tí mo mọ̀ sídìí igbó mímu, tó tẹjú mọ́ chess náà, tí ò tiẹ̀ gbọ́ pé mo ń kí òun.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Peckham, London
Ọ̀bẹ ni tàwọn ọmọ tibí. Àwọn ọlọ́pàá Glasgow ní Scotland ló kọ́kọ́ yí ọgbọ́n dà ní 2005, wọ́n ní bí àrùn tó ń ràn ni kí wọ́n ṣe máa tọ́jú ìjà ìgboro. London náà wá tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n gún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ kan ló wá jókòó tì í lọ́sìbítù. Kò bi í léèrè ẹni tó gún un. Ohun tó fẹ́ jẹ ló bi í.

Ìyá Ìbejì, Agége
Àdìó, ṣé ọ̀gá yín yẹn ṣì ń gba ọmọ iṣẹ́? Ìyá ọmọ tí wọ́n fẹ́ sun yẹn ṣì ń dín àkàrà níwájú ilé wa.