Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston: ṣé kí n du ilé aṣòfin Texas, àbí kí n jókòó jẹ́ẹ́?

Ìyá Ìbejì Alief

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ọmọ Ìkirè ni mí. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, aago méje alẹ́ sí méje àárọ̀. Mo gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè ní 2018. Lóṣù tó kọjá, aláìsàn kan fọ́ mi létí lórí wọ́ọ̀dù. Bàbá àgbà ni, àìsàn ti gun orí wọn, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. N ò bínú sí wọn rárá. Ohun tó dùn mí ni pé èmi àti ẹnìkejì mi nìkan la wà nílẹ̀ fún aláìsàn mẹ́tàlá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Kí lo ṣe fún wọn?" Mo bọ́ sínú ọkọ̀ mi láàárọ̀, mo jókòó fún bí ogún ìṣẹ́jú, n ò lè tan mọ́tò.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n lọ du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀, pé àwọn nọ́ọ̀sì ti ṣe é rí. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ mọ̀ tó ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn dé ilé aṣòfin? Ṣé wọ́n máa ń fiṣẹ́ sílẹ̀ ni? Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, àgbà wà ní yunifásítì.

Ọmọ Balógun

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ kí ẹ tó ran aṣọ ìpolongo, ẹ gbọ́ iye tí wọ́n ń san: 600 dọ́là lóṣù. Ẹ kà á dáadáa o, lóṣù ni mo wí! 7,200 dọ́là lọ́dún nìyẹn, àyàfi owó oúnjẹ àti ilé tí wọ́n ń fún wọn lójoojúmọ́ nígbà tí ilé bá ń jókòó. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ bíi tiyín ti pa iye yẹn kí oṣù méjì tó pé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé agbẹjọ́rò àti oníṣòwò ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ló lówó nílé.

Mọ́mì DeSoto

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Ìjókòó inú ọkọ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìntì, mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ lórí wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ.

Ẹni tí mo fẹ́ kí o wò dáadáa ni Eddie Bernice Johnson, torí nọ́ọ̀sì ni kó tó di ohunkóhun. Ọmọ Waco ni, ní Texas wa níbí. Nígbà tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, kò rí ilé ẹ̀kọ́ gidi kan ní Texas tó máa gba aláwọ̀ dúdú, ló bá forí lé Indiana, ó sì gbàwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ní St. Mary's ní 1956. Ọsibítù àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì ní Dallas gbà á síṣẹ́ láìtíì fojú kàn án. Wọ́n ti ṣèlérí yàrá fún un nínú ọgbà. Ó dé, wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, kò sí yàrá mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé àwọn ọ̀gá á kọ́kọ́ wọlé tọ aláìsàn lọ, wọ́n á ní nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ yìí mọṣẹ́ o, kí òun tó lè wọlé. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín ni mo bú sí. Ní 1991, aláìsàn kan ní kí n lọ bá òun pe "nọ́ọ̀sì gidi" wá. Mo jáde, mo ka ení dé ogún ní kọ́rídọ̀, mo tún wọlé, mo ní, "Èmi ni wọ́n ní kí n wá."

Ó pẹ́ níbẹ̀, ó tó ọdún mẹ́rìndínlógún, títí ó fi di olórí nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka àrùn ọpọlọ. Fìlà ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di oníjà. Ní Dallas nígbà yẹn, obìnrin dúdú kò gbọdọ̀ dé fìlà wò ní ilé ìtajà ńlá. Téèpù ni wọ́n á fi wọn orí rẹ̀, kó sì sanwó. Bàtà náà, bákan náà. Òun àti àwọn obìnrin bí àádọ́ta kóra jọ, wọ́n ní àwọn ò ná ọjà níbẹ̀ mọ́. Kò tíì du ipò kankan nígbà yẹn o.

Ní 1972 ni wọ́n ní kó wá du ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ibí ni ìbéèrè rẹ wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kò lè du ipò lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú. Hatch Act ni wọ́n ń pe òfin yẹn, ó sì wà títí dòní. Tí ó bá jẹ́ ọsibítù ìjọba àpapọ̀ lo wà, mọ̀ ọ́n kí o tó sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ó ní láti fiṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti kọ ọkọ, ọmọkùnrin kan ló ń dá tọ́. Stanley Marcus, ọ̀gá ilé ìtajà Neiman Marcus, ló fún un níṣẹ́ tí á máa fi jẹun. Ṣé o rí i? Kí ó tó fi ti ọ̀tún sílẹ̀, ti òsì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí o mú nínú ìtàn rẹ̀ ju gbogbo oyè lọ.

Ó wọlé, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí Dallas dìbò yàn sípò. Ó ṣe alága ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Austin, olú-ìlú Texas. Ní 1977 Ààrẹ Carter mú un sí ẹ̀ka ìlera àti ètò ẹ̀kọ́. Ní 1986 ó padà sí Austin, ilé aṣòfin àgbà lọ́tẹ̀ yìí. Ní 1992 wọ́n dìbò yàn án sí Washington, nọ́ọ̀sì oníwèé-àṣẹ àkọ́kọ́ tó máa jókòó ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ó sì ṣe ọgbọ̀n ọdún gbáko. Ọjọ́ tó kẹ́yìn 2023 ló kú.

Àwọn mìíràn wà. Donna Howard, ìyàrá àwọn tí àìsàn wọn le ló ti ṣe nọ́ọ̀sì, ó wọ ilé ní 2006, Democrat. Stephanie Klick, nọ́ọ̀sì, láti ọ̀nà Fort Worth, 2013, Republican. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kan.

Kí o tó du nǹkankan, lọ sí Austin lẹ́ẹ̀kan. Èmi lọ. Ní 2023, wọ́n ń gbé àbá òfin kan wò lórí ìwà ipá sí òṣìṣẹ́ ọsibítù. Àwa mẹ́rin tó ti fẹ̀yìntì kúrò nílé ní aago mẹ́rin ìdájí. Mo gbé mọ́ínmọ́ín dání sínú kúlà, torí mo mọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. A forúkọ sílẹ̀ pé a fẹ́ sọ̀rọ̀, a jókòó. Ọ̀sán lọ. Ìrọ̀lẹ́ dé. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó pe orúkọ mi, wọ́n sì pè é kodò débi pé ẹni tó jókòó tì mí ló fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún mi. Ojú ewé mẹ́ta ni mo tẹ̀ dání! Mo bojú wo aago tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn, mo wo ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ sáńwíìṣì, mo ká ìwé mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àga kan." Mo sọ ti aláìsàn tó ju àga lù mí lóru, tó jẹ́ pé ẹni tó máa gbà mí wà ní òkè, àjà kẹta. Ẹni tó ń jẹun dáwọ́ dúró. Ó bi mí pé, "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn?" Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ kò sì sí nínú ojú ewé mẹ́ta mi.

Ilé fọwọ́ sí àbá òfin náà lọ́dún yẹn, SB 240 ni wọ́n ń pè é. Donna Campbell ló gbé e wá ní ilé àgbà, dókítà pàjáwìrì ni. Gbogbo ọsibítù ní láti ní ìgbìmọ̀ àti ètò lórí ìwà ipá. Bi ọ̀gá tó bi ọ́ pé kí lo ṣe pé ìgbìmọ̀ tiyín dà.

Ní ti ìdíje: ọmọ orílẹ̀-èdè tó ti pé ọdún mọ́kànlélógún, tó ti gbé ní Texas fún ọdún méjì, ọdún kan nínú àgbègbè ìbò náà. 750 dọ́là ni wọ́n ń gbà fún fọ́ọ̀mù ìdìbò abẹ́lé ilé kékeré, tàbí ìbuwọ́lù 500. Ogóje ọjọ́ ni ilé fi ń jókòó ní ọdún méjì-méjì, oṣù kìíní sí ìparí oṣù karùn-ún. Nọ́ọ̀sì tó bá lè máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é nìkan, láìsí àdéhùn, á rí i ṣe. Àmọ́ lọ bèèrè ipò alága ẹgbẹ́ òṣèlú ní ibùdó ìdìbò àdúgbò rẹ ná. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló ṣófo, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Akọ̀wé Ṣómólú

Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gbé tilé wá. Dókítà Olorunnimbe Mamora, Ifẹ̀ ló ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, òun sì ni abẹnugan ilé aṣòfin Èkó láti 1999 sí 2003. Ó ṣe sẹ́nétọ̀ títí di 2011, ó wá di mínísítà kékeré fún ètò ìlera ní 2019. Nígbà tó wà nípò yẹn ni àwọn dókítà ọsibítù ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2021, ó lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó padà. N ò ní òun ló fà á o. Mo kàn ń sọ pé dókítà wà lórí àga, dókítà sì wà ní òpópónà. Nílé wa, ẹni tó bá ti di aṣòfin kì í padà wá gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wò. Ti Texas yẹn tó fi ń jẹ́ ogóje ọjọ́, mo rò pé ó dáa ju tiwa lọ, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ṣe dà bí owó ọṣẹ.

Ọmọ Balógun

Mọ́mì, ẹ fò ó dá o. Ní 1991, nígbà tí Johnson wà ní ilé àgbà Austin, òun ló ṣáájú ìgbìmọ̀ tó ń pín àgbègbè ìbò fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Àgbègbè 30 wà nínú wọn. Ó gé e, òun náà ló sì wọlé láti ibẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé ààlà yẹn ní 1996.

Mọ́mì DeSoto

N kò fò ó, oorun ló ń kùn mí. Òótọ́ ni. Ó fi ọ̀bẹ ara rẹ̀ gé iṣu ara rẹ̀. Àwọn tó ti ń gé e kó tó dé kò sì fún ẹnikẹ́ni ní àgbègbè wa jẹ rí. Mo dìbò fún un láti 2004, ká ní ó ṣì wà láyé, mi ò bá tún un ṣe.

Ìyá Ìbejì Alief

Ẹ ṣeun púpọ̀, Mọ́mì. Ọsibítù tèmi kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, ọpẹ́ ni. Mo bi ọ̀gá mi lánàá pé ìgbìmọ̀ wa dà. Wọ́n ní àwọn á wò ó. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ ọn.

Ọkọ mi ka gbogbo ẹ̀ lórí fóònù mi, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní ìbuwọ́lù 500 yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan tó o. Mo ní àwọn tó lè dìbò nínú àgbègbè ìbò mi nìkan ni wọ́n máa kà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Katy ni gbogbo wọn ń gbé."