Ìmọ̀ràn: mò ń kọ́ iaido, mo fẹ́ fi jian kún un

Àkànní
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Nagoya ni mò ń gbé. Ọdún kẹta tí mò ń kọ́ iaido, ọnà yíyọ idà Japan, rèé, katana, idà wọn tó tẹ̀ tó sì ní ojú kan, nìkan ni mo mọ̀. Àmọ́ jian, idà tààrà olójú méjì ti àwọn ará Ṣáínà, ti wọ̀ mí lójú. Ṣé ilé ẹ̀kọ́ idà Japan kan wà tó ń kọ́ni? Irú èwo ni kí n rà?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Àbúrò, o ò ní rí i lọ́dọ̀ àwọn oníkatana. Japan náà lo idà tààrà láyé àtijọ́, àwọn ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ ṣì wà ní Shōsōin, ilé ìṣúra àtijọ́ ní Nara. Ìgbà tí idà ogun wọn wá di èyí tó tẹ̀, olójú méjì di ti òrìṣà. Wo ọwọ́ ère Fudō Myōō, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Ní ojúbọ Atsuta, nítòsí rẹ níbẹ̀, ni wọ́n ní Kusanagi, idà mímọ́ ti ọba Japan, wà, wọn kì í sì í fi han ará ìta. Ẹgbẹ́ taiji, eré ìjà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti Ṣáínà, ni kó o lọ bá, wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n fi eré idà onígbésẹ̀ 32 bẹ̀rẹ̀ fún ọ, èyí tí wọ́n tò jọ ní Ṣáínà ní 1957 látinú taiji ti ìdílé Yang.

Ìyá Ìbejì
Mo ti ṣe méjèèjì. Ọwọ́ òsì ló máa dà ọ́ láàmú. Ọwọ́ méjì la sábà máa ń fi gé nǹkan ní iaido. Ọwọ́ kan ni ti jian, ọrùn ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ òsì á na ìka méjì, á máa bá idà rìn. Tèmi kì í gbọ́! Ìbàdí ló ń sá lọ ṣáá, ó ń wá àkọ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Èyí tó léwu jù: tá a bá ń dá katana padà sínú àkọ̀, ẹ̀yìn idà là ń fà gba àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là. Jian ò ní ẹ̀yìn. Ojú níhìn-ín, ojú lọ́hùn-ún. Idà onígi ni mo mú dání lọ́jọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo dúpẹ́.

Bàbá Lékan
Igi náà ni kó o rà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ gbé irin wá láti Longquan, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ idà ní Ṣáínà, o. Lábẹ́ òfin ìbọn àti idà Japan ti 1958, idà iṣẹ́ ọnà tí wọ́n rọ ní Japan ló ń rí ìwé gbà. Láti 2009, ọ̀bẹ olójú méjì tí irin rẹ̀ bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 5.5 gan-an dèèwọ̀, áńbọ̀sìbọ́sí idà. Èyí tí kò mú pàápàá, òfin ò fẹ́ kó o máa gbé e kiri láìnídìí. Fi í sínú àpò.

Ṣọlá
Sọ fún sensei rẹ, olùkọ́ iaido rẹ, kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Èmi fi tèmi pamọ́. Nígbà tó di oṣù kejì, ó rí mi tí mò ń fi ọrùn ọwọ́ yí katana, ó ní ta ló kọ́ mi nìyẹn. Mi ò rí ẹnu fèsì.

Àkànní
Ẹ ṣé gan-an. Mà á bá sensei sọ̀rọ̀ ní Sátidé. Ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, báwo ni kí igi náà ṣe gùn tó?

Ìyá Ìbejì
Fi ọwọ́ òsì di èkù rẹ̀ mú, kó o sọ apá kalẹ̀, kí idà dúró lóòró lẹ́yìn apá náà. Tí ṣóńṣó rẹ̀ bá dé etí rẹ, òun nìyẹn.