"Bátìrì ìrántí" kọ́, bátìrì aago ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe bátìrì pẹlẹbẹ inú láptọ́ọ̀pù ní "bátìrì ìrántí" ní ìdí tiwọn: bó bá ti kú, ẹ̀rọ kì í rántí ọjọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ orúkọ náà.

Láyé ọjọ́un, ì bá bá a mu. Nínú kọ̀ǹpútà IBM AT ti ọdún 1984, bátìrì ló ń bọ́ ibi tí ẹ̀rọ kọ ètò ara rẹ̀ sí. Tó bá kú, ẹ̀rọ ò ní mọ irú dísìkì tó wà nínú òun fúnra rẹ̀. Lónìí, ibi tí kò nílò iná rárá ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ń tọ́jú ètò wọn sí. Iṣẹ́ tó kù fún bátìrì pẹlẹbẹ yìí, CR2032 oní-fólítì 3, kò ju kí aago máa lọ lẹ́yìn tá a bá pa ẹ̀rọ. Ẹ wá sọ "ìrántí" fún oníbàárà, RAM, tí í ṣe ìrántí kọ̀ǹpútà gan-an, ló máa lọ rà!

"Bátìrì aago kọ̀ǹpútà" ni tèmi. Mo fi "kọ̀ǹpútà" sí i kí wọ́n má baà gbé ti aago ara ògiri wá. Ẹni tó dábàá "bátìrì olówó-ẹyọ" ń wo ìrísí rẹ̀, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ọ̀rá ni wọ́n fi wé e, pẹ̀lú wáyà méjì. Ta ló máa rí owó ẹyọ níbẹ̀?

"Aago ń fà sẹ́yìn" tá a ń sọ fún gbogbo àìsàn aago kọ̀ǹpútà tún burú jù, torí ó ń ṣi atúnṣe lọ́nà. Tí aago bá fi wákàtí kan géérégé yàtọ̀ sí ti Èkó, ẹ má tíì tú ẹ̀rọ. Ó lè jẹ́ aago Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n yàn, tàbí kí Windows àti Linux, ètò méjì tó ń darí kọ̀ǹpútà, jọ wà lórí ẹ̀rọ kan: Windows ń ka aago inú ẹ̀rọ bí aago Èkó, Linux ń kà á bí UTC, aago àgbáyé tí ti Èkó fi wákàtí kan ṣíwájú. Aago irú ìyẹn ṣìnà ni, kò kú. Èyí tẹ́ ẹ tàn láàárọ̀ tó ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn la wà, tí Chrome sì kọ̀ tí kò ṣí ojú-ewé báńkì, aago rẹ̀ ló kú. Bátìrì ni kẹ́ ẹ pààrọ̀.

Àwọn láptọ́ọ̀pù kan ò tilẹ̀ ní in mọ́, bátìrì ńlá ló ń bọ́ aago wọn. Ìyẹn ò nílò orúkọ kankan lọ́wọ́ wa.