Kí ni kí n fi rọ́pò ṣúgà nínú tíì mi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbà mí. Dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gòkè. Kò tíì di àtọ̀gbẹ, àmọ́ kí n jáwọ́ nínú ṣúgà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tíì tí kò dùn kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Oyin ni mo kọ́kọ́ sá tọ̀. Ìgbà tí mo wọn ẹ̀jẹ̀ mi ni mo rí i pé ṣúgà ni òun náà. Mo wá ra stevia oníyẹ̀fun, ìyẹn adùn tí wọ́n ń fà yọ lára ewé. Mo yí páálí rẹ̀ padà, maltodextrin, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fi sítáàṣì ṣe, ni wọ́n kọ síwájú stevia gan-an! Ṣebí ìyẹn náà ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè? Ti maltitol, adùn àfirọ́pò ṣúgà mìíràn, ló tún wá burú jù. Ṣokoléètì tí wọ́n fi í ṣe, tí wọ́n kọ "kò ní ṣúgà" sí lára ni mo jẹ, inú mi ń kùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Kí n má parọ́, ilé ìgbẹ́ ni mo sùn.

Erythritol, tí òun náà jẹ́ adùn àfirọ́pò ṣúgà, ló kù. Mo mọ̀ pé inú ìtọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń bá jáde, àmọ́ ìtutù tó ń fi sẹ́nu tí mo bá tọ́ ọ wò lásán yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo irú nǹkan wọ̀nyí pẹ́, èwo ni kì í yí òǹkà yín padà tí ẹ bá wọn ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì? Ṣé kì í jẹ́ kí ebi tètè pa yín? Ẹni tó ti fi adùn sílẹ̀ pátápátá ńkọ́, ọ̀sẹ̀ mélòó ni ahọ́n yín fi ṣàtakò?