Ẹ kú ooru o: kí lẹ ń ṣe sílé yín lọ́sẹ̀ yìí?

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹ kú ooru o, gbogbo ilé. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ooru Lọ́ńdọ̀nù yìí náà là ń pariwo lórí tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n lóru àná, àwọn gan-an ló dìde lọ jókòó sẹ́nu fèrèsé. Òkè kẹta là ń gbé, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n ní ooru á mú títí di ìparí ọ̀sẹ̀, pé kò ní sí òjò "púpọ̀". Èwo ni "púpọ̀" yẹn? Sátidé ni ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ẹ̀gbọ́n mi, àgọ́ la máa ta sẹ́yìn ilé wọn ní Thamesmead. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Akin, Dartford
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlejò. Afẹ́fẹ́ tó wúwo ló na apá wá láti ìhà Azores, àwọn erékùṣù inú òkun Àtìláńtíìkì, tó jókòó lé wa lórí. Níbi tó bá ti ń tẹ̀ wálẹ̀, ìkùukùu kì í rí àyè gbéra, oòrùn á wá máa ta láti aago márùn-ún ìdájí títí dé mẹ́sàn-án alẹ́. Ilẹ̀ tó ti gbẹ náà ń dá kún un: oòrùn ò rí omi fà mọ́, gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ń mú ilẹ̀ gbóná.

Ní ti òjò, ó lè rọ̀ ní Woolwich kí Thamesmead má rí ẹ̀kán kan. Ẹni eji rí ni eji ń pa. Bí fóònù yín bá kọ 30%, ohun tó ń sọ ni pé bí irú ọjọ́ yẹn bá wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, òjò á rọ̀ nínú mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo máa ń ṣọ́ ni ọjọ́ tí ooru bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á ti ìhà Spéìn gòkè wá, ti òkun Àtìláńtíìkì tó tutù á pàdé rẹ̀, àrá á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ilẹ̀ tó ti le gbagidi kì í tètè mu omi, ẹ̀kún omi ló máa ń dá sílẹ̀ lójú títì. Èyí tí wọ́n sọ nípa Sátidé lónìí Mọ́ńdè, ẹ má tíì gbára lé e. Ẹ padà wo Met Office, iléeṣẹ́ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ á ṣe rí, ní Fúráìdè.

Àgọ́ yẹn ńkọ́? Èèkàn kì í wọlé dáadáa nínú ilẹ̀ amọ̀ tó ti gan, afẹ́fẹ́ tó ń ṣíwájú òjò àrá sì lè fà á tu. Ẹ bu omi kún kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ àgọ́ kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Bísí, Croydon
Màmá ò parọ́ o, 32°C kì í ṣe nǹkan bàbàrà n'Íbàdàn. Ilé tibí ni wàhálà. Torí òtútù ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, bíríkì á mu ooru lọ́sàn-án, á wá máa tú u jáde lóru nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn. Ẹ jáwọ́ nínú kí á ṣí fèrèsé sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Apá ibi tí oòrùn ń bọ̀ ni kí ẹ ti fèrèsé rẹ̀, kí ẹ fa kọ́tìnì bò ó kó tó débẹ̀. Tó bá di alẹ́ tí ìta bá ti tutù ju inú ilé lọ, ẹ ṣí tiwájú àti tẹ̀yìn papọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ gba àárín kọjá. Fáànù dára, àmọ́ tí inú yàrá bá ti kọjá 35°C, afẹ́fẹ́ gbígbóná lásán ló ń fẹ́ síni lára. Aṣọ tí a rì sómi tútù lọ́rùn àti lápá sàn jù ú lọ.

Ṣé màmá ń lo oògùn?

Ìyá Ìbejì
Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọ̀kan nínú rẹ̀ máa ń mú wọn tọ̀ gan-an.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Ẹ pe fámásì lónìí kí ẹ bi wọ́n léèrè nípa èyí tó ń mú wọn tọ̀ yẹn. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Ẹ má retí kí òùngbẹ gbẹ wọ́n kí wọ́n tó mumi, ara àgbà kì í tètè sọ. Orí fífọ́, òòyì, ẹsẹ̀ tó ń fà: ẹ gbé wọn síbi tútù, ẹ tú aṣọ wọn, ẹ fún wọn lómi. Tí ara ò bá balẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó náà, oyinbó máa sọ pé òun ti mumi. Ẹ wo ife náà.

Bàbá Tottenham
Mo wà nílùú yìí ní 1976. Ọjọ́ 15 léraléra, láti 23 oṣù Júùnù dé 7 oṣù Júláì, kò sí ọjọ́ tí ibì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò dé 32°C. Láwọn àdúgbò kan, ẹ̀rọ omi ojú títì ni wọ́n tò sí pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìjọba wá fi Denis Howell ṣe mínísítà ọ̀dá, kò sì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí òjò fi dé! Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní ó dájú pé ó ti rí bàbá kan n'Íjẹ̀bú.

Síbẹ̀, tí oyinbó àdúgbò yín bá sọ pé "1976 le jù báyìí lọ", ẹ má gbọ́. Èyí tó ga jù lọ́dún yẹn ò kọjá 35.9°C. Ní 19 Júláì 2022, Coningsby ní Lincolnshire dé 40.3°C, lọ́jọ́ náà gan-an ni iná jó ilé ní Wennington, níbí létí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má dáná ìsun ẹran lórí koríko gbígbẹ.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Dagenham
Inú tẹ̀tẹ̀ àti ewédú mi ń dùn sí ooru yìí, ṣùgbọ́n omi ń kọ́? Ẹ yẹ ojú ewé iléeṣẹ́ omi àdúgbò yín wò, torí olúkúlùkù ló ń ṣòfin tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti fòfin de rọ́bà omi, owó ìtanràn lè tó £1,000. Bọ́kẹ́ẹ̀tì àti agolo kò sí lábẹ́ òfin yẹn, ẹ lè fi wọ́n bomi rin, kí ẹ fi fọ mọ́tò. Omi tí mo fi ṣan ìrẹsì kì í ṣòfò lọ́dọ̀ mi. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń bu ú sídìí ẹ̀fọ́, mi ò ń wọ́n ọn sórí ewé, màá wá kó koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ yíká. Ẹ fi koríko iwájú ilé sílẹ̀ kó pọ́n, yóò padà tutù.

Ó sì máa ń yà mí lẹ́nu: àwọn èèyàn wa rò pé òjò Lọ́ńdọ̀nù ò lópin. Gbogbo èyí tó ń rọ̀ níbí lọ́dún ò tó ìdajì ti Èkó!

Olóúnjẹ, Ilford
Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ oúnjẹ Sátidé. Kòkòrò àrùn kan tí ojú ò lè rí wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán, inú àgọ́ gbígbóná ló sì fẹ́ràn. Jọ̀lọ́ọ̀fù gbọ́dọ̀ gbóná ju 63°C lọ. Tó bá ti bọ́ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, wákàtí méjì péré ló kù fún un lórí tábìlì. Kúlà kan ni kí wọ́n máa ṣí lẹ́ẹ̀kan. Kí èyí tó kù wà nínú ilé, kí wọ́n dé e pa. Sàláàdì kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú fíríìjì títí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ. Ẹ sọ fún àwọn tó ń gé kéèkì náà pé kò gbọdọ̀ jókòó sínú oòrùn torí fọ́tò.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun gan-an. Kúlà ńlá méjì ni mo ní, èèyàn ọgọ́rin là ń retí.

Olóúnjẹ
Kò lè tó. Mo ní mẹ́rin, ẹ wá gbé e ní Fúráìdè lẹ́yìn aago méje.