Ṣé kí n yẹ omi yìí wò kí n tó takò wọ́n?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ó gùn díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wa èédú lórí ilẹ̀ àna mi ní Kentucky níbí. Wọ́n ti dí kòtò, koríko ti hù, ọdún 5 tí òfin Amẹ́ríkà ti 1977 lórí wíwa èédú là sílẹ̀ ti pé, wọ́n wá fẹ́ gba ìyókù owó ìdógò wọn, ìyẹn owó tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí pé àwọn á tún ilẹ̀ náà ṣe, lọ́wọ́ ìjọba. Koríko ọ̀hún dùn ún wò lóòótọ́, àmọ́ omi pupa bí irin tó dógùn-ún ṣì ń sun lẹ́sẹ̀ òkè. Mo ti ya fọ́tò, mo bá òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. A ní ọjọ́ 30 lẹ́yìn ìkéde ìkẹyìn nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n fẹ́ gba owó náà, láti kọ̀wé takò ó. Ṣé kí n kọ́kọ́ sanwó àyẹ̀wò omi ni, àbí fọ́tò tó? Ẹ ṣeun púpọ̀.