Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ìwé ìtàn àròsọ mi àkọ́kọ́, lórí ìgbàgbọ́ àti ẹbí

Àdùkẹ́Aránṣọ (Àjàṣẹ́)
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń rán, ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń kọ ìtàn kan sínú kàyé lálẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ó ti di kàyé mẹ́rin báyìí, orí mọ́kànlá. Mi ò kọ ìwé rí láyé mi.

Ìtàn náà rèé. Ní 1979, ìyá kan kú ní Ọ̀wándó, ní Àjàṣẹ́ níbí. Mùsùlùmí ni ilé ọkọ ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ Mùsùlùmí lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àmọ́ nígbà tí àbíkú ń dà á láàmú ní 1945 ó gba ìjọ Sẹ̀lẹ́ lọ, ibẹ̀ ló ti bí ọmọ mẹ́ta tó dúró. Àkọ́bí bá bàbá ṣe Mùsùlùmí, èkejì di Kátólíìkì nítorí ilé ìwé àwọn fádà, àbíkẹ́yìn wà ní Kétu lọ́dọ̀ ìyá àgbà tó ń bọ òrìṣà. Ta ló máa sin ìyá, báwo ni wọ́n ṣe máa sin ín? Ibẹ̀ ni ìjà ti ṣẹ́ yọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan kà á, ó ní ìwàásù ni, pé kò sí ojú ewé tí ẹnì kan ò ti ní gba ẹnì kan níyànjú. Bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ kí ẹni tó bá kà á rí ohun tó máa gbé ọkàn ẹ̀ dúró, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ti gbọ́, inú ẹ̀ ò dùn rárá, ó ní ọ̀rọ̀ ilé wa ni mo fẹ́ gbé síta. Mi ò sì tíì mọ̀ bóyá Yorùbá ni kí n kọ ọ́ tán tàbí Faransé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

TíṣàKétu
Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́, Ọlọ́run á fún ẹ lókun. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, Kétu ni mo wà. Jẹ́ kí n bi ẹ́, ṣé o ti wo Ẹ̀fẹ̀ rí? Kì í ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán tí àwọn àlejò ń yà ní fọ́tò láti ìgbà tí UNESCO ti dárúkọ ẹ̀ ní 2001 o, Ẹ̀fẹ̀ ti òru ni mò ń sọ. Ẹlẹ́fẹ̀ á jáde, á kọ́kọ́ júbà, á júbà àwọn ìyá wa, lẹ́yìn náà lá wá máa fi orin sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú láàárín ọdún, ẹni tó gba ilẹ̀ ọmọ òrukàn, ẹni tó pa ìyá ẹ̀ tì, gbogbo ọjà á máa rẹ́rìn-ín, ẹni tó ṣe é gan-an wà láàárín èrò, òun náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Ìmọ̀ràn ni gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orin la gbọ́.

Nítorí náà, mú kàyé ẹ, ibi tó o bá ti kọ ọ́ pé "ó yẹ ká máa dárí ji ara wa", pa á rẹ́. Kọ bí àkọ́bí yẹn ṣe bu omi fún àbúrò ẹ̀ tó ti Kétu dé pé kó fi ṣan ẹsẹ̀, tí kò sì sọ nǹkan kan. Ó tó.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà Kétu yẹn, má fi í ṣe abọ̀rìṣà tí kò mọ nǹkan o. Ní 1886 tí Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ Kétu, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhánzìn, ọba Dànhọ̀mẹ̀, ni àwọn tó kù tó padà wálé wá tún ilú kọ́. Ìyá tó bí ìyá àgbà yẹn lè ti wà lára wọn. Ẹni tí wọ́n kó lọ lọ́mọdé, tó rìn padà wálé, tó bá òrìṣà ilé bàbá ẹ̀ nínú ahoro, ṣé wẹ́rẹ́ ni ọmọ ẹ̀ máa fi í sílẹ̀? Jẹ́ ká mọ ìdí tó fi dì í mú.

ỌmọAdjarra
Ẹ má bínú o bàbá, mo fara mọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù ìwàásù bà á jù. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, tíṣà ni, onígbàgbọ́ sì ni, ó máa ń dá ìtàn dúró, á kọjú sí òǹkàwé, á gbà á níyànjú gidi, a ò sì tìtorí ẹ̀ ju ìwé sílẹ̀. Kó tó gba wá níyànjú, a ti bá Àkàrà-ògùn wọ igbó, àyà wa ti já, a ti rẹ́rìn-ín, etí wa ti là. Mo rò pé ìwàásù tó ṣáájú ìrìn ni ọ̀rẹ́ ẹ ò fẹ́. Àdùkẹ́, tí ẹnì kan bá tiẹ̀ máa wàásù nínú ìwé náà, kó jẹ́ ẹni tọ́rọ̀ náà ti ná ní nǹkan.

AlhajaỌ̀wándó
As-salaamu alaykum gbogbo ilé. Nínú ẹ̀sìn wa òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Tó bá kú láàárọ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi aṣọ funfun wé e, wọ́n á kírun sí i lára, wọ́n á sì gbé e lọ sí itẹ́ kílẹ̀ tó ṣú bó bá ti ṣeé ṣe. Àwọn ọmọ tó kù á ní rárá o, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí mọ́ṣúárì kí àwọn ará Kútọnu àti ará Èkó lè dé. Ṣé o rí i báyìí pé aago ti wà nínú ìtàn ẹ? O ò nílò orí mọ́kànlá tó ń sọ ìtàn láti ìgbà ọmọdé. Jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín ìrun àsùbáà sí ìrun màgàríbà, kí ọ̀rọ̀ àtijọ́ máa yọ jáde bí kálukú bá ṣe ń wọlé, bí àbíkẹ́yìn ṣe wà lójú ọ̀nà láti Kétu tí mọ́tò ò yá, tí àwọn ọkùnrin sì ti mú ọkọ́ lọ́wọ́. Èmi á kàwé náà dé òpin lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ohun kan tún wà tó wà lọ́kàn mi. Ọmọ mi, má jẹ́ kí Mùsùlùmí inú ìwé ẹ jẹ́ ẹni tó máa pariwo láti orí kìíní, tó máa wá sunkún yí padà ní orí tó gbẹ̀yìn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ dùn mí tí mo bá ń kà á. Ní Àjàṣẹ́ níbí, ọmọ ìyá kan náà lè jẹ́ Àlájì, èkejì jẹ́ fádà, a jọ ń jẹ ẹran iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Lọ wo mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ yẹn dáadáa, ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, torí àwọn ọmọ Àgùdà tí bàbá wọn ti Bùràsíì dé ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bàhíà. Báyìí náà ni ilé wa rí nínú.

AláṣọFunfun
Hálélúyà. Àbúrò, ọjọ́ kan wà níbẹ̀ tó o ní láti tún ṣe kí ìwé tó jáde. Kò sí Sẹ̀lẹ́ ní 1945. 29 September 1947 ni Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá bẹ̀rẹ̀, níbí ní Àjàṣẹ́ gan-an, láti ọwọ́ bàbá wa Oschoffa tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Tí o bá gbé e sí 1948 tàbí 1949, ìyá yẹn á wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé, nígbà tí èèyàn ò tíì mọ ohun tí wọ́n máa pe àwọn aláṣọ funfun wọ̀nyí, ìyẹn á sì jẹ́ ká mọ bí ọkàn ẹ̀ ṣe le tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá, ẹ mọ̀ pé tá a bá ti wọ sùtánà, aṣọ funfun wa, a kì í wọ bàtà. Láti ilé la ti ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn. Rò ó wò, obìnrin kan nínú agbo ilé Mùsùlùmí, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń fi ẹsẹ̀ lásán gba iwájú àwọn àna ẹ̀ kọjá, nínú ẹrẹ̀, lórí òkúta gbígbóná, fún ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí Alhaja sọ yẹn wá bọ́ sí i gan-an: nígbà tí àwọn obìnrin ilé ọkọ bá ń wẹ òkú ẹ̀, jẹ́ kí wọ́n dé ibi àtẹ́lẹsẹ̀. Kí ìyàwó àbúrò ọkọ tó máa ń bú u jù lọ di ẹsẹ̀ náà mú. Má jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

AlhajaỌ̀wándó
Háà. Allāhu Akbar. Omi bọ́ lójú mi.

ÌyáÌbejìSábẹ̀ẹ́
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ ọkùnrin ni mo fẹ́ fèsì sí, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà kan mo kọ eré fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sábẹ̀ẹ́, mo fi ọ̀rọ̀ àǹtí mi tó ya àgàn síbẹ̀, mo yí orúkọ padà, mo rò pé mo ti ṣe tán. Ó jókòó sí ìlà kejì. Ìgbà tó gbọ́ gbólóhùn kan tó jẹ́ pé èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, ó dìde, ó jáde. Ọdún mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán, títí dòní ó ń dùn mí. Orúkọ kọ́ ló tú àṣírí ẹ̀, gbólóhùn yẹn ni. Nítorí náà Àdùkẹ́, wá inú kàyé ẹ, ohunkóhun tí ẹnì kan fi sí ẹ létí ní ìkọ̀kọ̀, yọ ọ́, kó o hun tìẹ síbẹ̀. Kó o sì lọ ka orí àkọ́kọ́ fún ẹ̀gbọ́n ẹ fúnra ẹ, má fi ránṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ohun tó ń bà á lẹ́rù kò tiẹ̀ sí nínú ìwé náà.

Síbẹ̀, àwọn kan ṣì máa ní òótọ́ ni. Nígbà tí Isaac Thomas ń gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ bíi lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé obìnrin náà wà láyé lóòótọ́.

Àtẹ̀wé229
Yorùbá ni kó o fi kọ ọ́ o! Faransé pọ̀ nílé ìwé, àmọ́ ìyá tó kú yẹn ò fi Faransé gbàdúrà. Ohun tó o ní láti mú kan nínú ẹ̀ ni ọ̀nà ìkọ̀wé. Èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni níbí ní Benin, ɛ àti ɔ ni, sh àti kp, ti Nàìjíríà sì ni ẹ, ọ, ṣ, p tó wà nínú Bíbélì tí púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa fi mọ̀wé kà. Mú ọ̀kan, má pa wọ́n pọ̀. Tí o bá fẹ́ kí wọ́n rà á ní Ìbàdàn àti Èkó, lo ti Bíbélì, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìyá àgbà máa sọ ohùn Kétu nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀.

Má tíì sáré gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé. Tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ṣe fótókópì márùn-ún, fún Mùsùlùmí kan, Sẹ̀lẹ́ kan, Kátólíìkì kan, ọmọ Kétu kan, àti ẹnì kan tí kì í kàwé, èyí tó gbẹ̀yìn yìí, kà á sókè fún un. Ibi tó bá ti ń wo fóònù ẹ̀ ni kó o gé. Tó bá wá di ìwé, má gbàgbé ti dépò légáàlì, ìyẹn ẹ̀dà ìwé tá a máa ń fi sílẹ̀ ní ilé ìkówèésí ìjọba, Bibliothèque nationale ò jìnnà sí ẹ, Àjàṣẹ́ níbí ló wà.

Àdùkẹ́Aránṣọ
Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mi ò rán aṣọ kankan lánàá. Mo ti yí 1945 padà sí 1949, mo sì ti kọ ibi àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn, ojú ewé méjì péré ni, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Orí mẹ́rin ló máa jáde pátápátá, ó dùn mí nítorí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá kà á fóun lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní òun ò ṣèlérí nǹkan kan. Ìyá Ìbejì, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí òun ló sọ ọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ tá a sin bàbá wa. Mo ti yọ ọ́.

Bàbá Tíṣà, mi ò wo Ẹ̀fẹ̀ rí. Ìgbà wo ni wọ́n tún máa ṣe é?

TíṣàKétu
Ma bi àwọn àgbà, ma jẹ́ kó o mọ̀. Ilé mi ni wàá sùn, ìyàwó mi ti ní òun á fi ẹní sílẹ̀ fún ẹ. Mú kàyé náà dání.